Ìró Inú Ẹ̀rọ Ìyá Agbẹ̀bí

Kí Tọ́ọ̀ṣì àti bàbá rẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, ọmọ náà ti gbé àpò irinṣẹ́ láti èjìká ọ̀tún sí tòsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ìwé físíìsì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, nítorí kò tíì délé láti àárọ̀. Iṣẹ́ kẹta tí wọ́n máa ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyí. Wọ́n ti tún fíríìjì kan ṣe tí kò mú nǹkan tutù mọ́, wọ́n sì ti pààrọ̀ wáyà sítóòfù oníná kan tí eku jẹ. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn obìnrin kan ló béèrè láti inú ilé.

Bàbá tún kan ilẹ̀kùn.

"Mo ní ta nìyẹn?"

"Àwa ni, mà," ni Tọ́ọ̀ṣì dáhùn kíákíá, kí bàbá rẹ̀ tó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta. "Àwa tá a fẹ́ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ ni."

Etí-Ẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tó lè purọ́ fún un. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn a tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní ti òun, yóò gbé etí lé e bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà aláìsàn, yóò ní kí wọ́n tàn án, yóò dijú, yóò sì sọ pé, "Bẹ́líìtì ni," tàbí, "Pọ́ǹpù ló fẹ́ kú." Kì í tàsé. Láti ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ti ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn fíríìjì àti lábẹ́ sítóòfù, ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, ìdánwò àṣejáde sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan ti yí padà. Tọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ rò pé ńṣe ni bàbá òun kì í fẹ́ dá òun lóhùn. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹnu ni bàbá ń wò bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í wo ojú wọn mọ́. Rédíò ilé wọn ń ké débi pé aládùúgbò kì í ra bátìrì sí tirẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ni bùlẹ́ńdà kan ń pariwo lọ́wọ́ bàbá bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, bàbá sì yíjú sí i, ó béèrè pé, "Ṣé o ò tíì tàn án ni?" Ọjọ́ yẹn ló yé ọmọ náà yékéyéké pé etí bàbá òun ti ń lọ.

Ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Ilé-ìdáná ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ kùtù ló ń jáde, bó bá sì dé, ńṣe ni yóò ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná kó tó lè rìn kọjá pálọ̀. Ibi tí wọ́n ti jọ ń fọ abọ́ ló ti sọ̀rọ̀ náà.

"Má sọ ọ́ síta o. Etí yẹn la fi ń jẹun nínú ilé yìí. Tó o bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, máa bá a lọ síbi iṣẹ́, kó o máa bá a gbọ́ ọ. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé o mọ̀. Ojú á tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni Tọ́ọ̀ṣì ṣe di etí fún Etí-Ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, tí bàbá gbé etí lé e, ọmọ náà á sọ ọ́ bí ẹni tó kàn ń ronú sókè pé, "Ó jọ ti ilé aránṣọ ọjọ́sí, àbí, Bàbá?" Bàbá á rántí pé bẹ́líìtì ló já nílé aránṣọ, á mi orí, á ní, "Ohun tí mo gbọ́ gan-an nìyẹn." Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí. Ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ ni, ìrì ni kò tíì sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó rẹ ọmọ náà. Ó rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun. Tíṣà ìṣirò ti jí i nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdánwò físíìsì tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù jù, ló kàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí méjì sì wà nínú ìwé abẹ́ abíyá rẹ̀ tí kò tíì fojú kàn.

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí Tọ́ọ̀ṣì, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ sí wa," ló sọ bó ti ń gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo rọra fà ọ́ títí mo fi rí orí. Ẹ wọlé. Ẹ má wo ilé, kò sí àyè àtigbálẹ̀."

Nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Tíṣà ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àìsàn ti mú apá kan ara rẹ̀, tí kò lè dá dìde mọ́. Aṣọ ibùsùn mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ni Ìyá Agbẹ̀bí ń fọ̀ lójúmọ́. Kò sí ọmọ nítòsí, kò sí ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé-ìdáná yẹn ni ọmọ, òun ni ọmọ-ọ̀dọ̀.

"Kì í da omi rẹ̀ nù mọ́," ló ṣàlàyé. "Ó sì ń kùn bó bá ń yí aṣọ gbẹ. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń kùn."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ọmọrí asẹ́ kékeré ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, omi dúdú ṣàn sínú abọ́. Tọ́ọ̀ṣì tanná sí i. Bọ́tìnnì funfun kan àti píìnì irun kan ló há síbẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni bàbá wí. "Ohun tó dí pọ́ǹpù lọ́nà nìyí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Wọ́n tì í, wọ́n tàn án. Omi jáde gbururu. Lẹ́yìn náà ni dúrọ́ọ̀mù irin tí aṣọ wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá. Ìgbà náà ni Tọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ. Ó ń dún gìrìgìrì-gìrìgìrì láti ẹ̀yìn, bí ẹni ń fi òkúta lọ òkúta.

Béárìn ni. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Béárìn ni òrùka irin tó gbé dúrọ́ọ̀mù ró lẹ́yìn, tó ń jẹ́ kó yí geere. Bí omi bá ti rí ọ̀nà dé ibẹ̀, á dípẹtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, bí wọn kò bá sì tètè pààrọ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ kan dúrọ́ọ̀mù á jábọ́ nídìí ibi tó jókòó sí, níbi tó ti ń sáré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè dé ìdí béárìn, gbogbo ẹ̀rọ náà ni yóò tú, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ó kéré tán, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Bàbá gbé etí lé ẹ̀rọ, ó dijú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó la ojú, ó sì wo ọmọ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ń dúró ni.

Tọ́ọ̀ṣì wo ìwé físíìsì tó gbé sórí tábìlì. Ó ronú nípa àtẹ̀gùn ilé náà, ó ronú nípa ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò yanu sọ̀rọ̀.

"Ó ti dá nìyẹn," ni bàbá sọ.

"Ó ṣì ń kùn létí tèmi," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Tọ́ọ̀ṣì yí ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, kó má baà rí ẹnu òun. "Bí wọ́n ṣe ń kùn náà nìyẹn, mà, tí wọ́n bá ti pẹ́ díẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn, ó sì lọ bu omi tútù wá fún wọn.

Tọ́ọ̀ṣì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó ka orí kan àti ààbọ̀, oorun gbé e lọ lórí tábìlì. Ó ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ kejì. Kò burú, kò dára. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí ìdánwò bá parí, òun á wá nǹkan sọ tí àwọn á fi padà lọ wo ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Gbogbo ìgbà tó bá rántí rẹ̀ ló ń rí nǹkan mìíràn tó pọn dandan láti ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe Sátidé, fóònù bàbá dún lórí tábìlì títí. Bàbá jókòó tì í, ó ń jẹun, kò mọ̀. Ìyá ló sáré gbé e. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹni tó ń gbé lábẹ́ Ìyá Agbẹ̀bí ni," ló sọ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. "Omi ló ń kán sí i lórí tó fi gun òkè lọ wò ó. Ẹ̀rọ yẹn já níbi tó ti ń yí aṣọ. Omi kún ilẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí yọ̀ ṣubú níbi tó ti fẹ́ lọ pa iná. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán."

Bàbá gbé àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò parí rẹ̀.

Ọ̀sán ni Ìyá Agbẹ̀bí tó ti ilé ìwòsàn dé, ìgbà náà ni bàbá àti ọmọ lọ bá a. Wọ́n ti fi báńdéèjì líle di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti àtàǹpàkò dé ìgúnpá. Ó jókòó lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìdáná. Aṣọ ibùsùn tó dọ̀tí wà nínú bàsíà ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ òsì bọ omi, ó sì ń fà á síwá sẹ́yìn lásán.

Bàbá kí i. Ó lọ tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Dúrọ́ọ̀mù ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí eyín tó fẹ́ yọ, ó ti ya rọ́bà ẹnu rẹ̀ sí méjì. Béárìn ti fọ́ wẹ́wẹ́. Bàbá fi ìka tọ ipa omi ìpẹtà pupa kan tó ti ṣàn sísàlẹ̀ tó sì ti gbẹ, ìpele lórí ìpele.

"Èyí kì í ṣe nǹkan ọ̀sẹ̀ yìí," ló sọ, bí ẹni ń bá irin sọ̀rọ̀. "Ó ti ń ké tipẹ́. Ó ń ké lójú mi níjọ́ yẹn." Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó gbé sípánà lé itan. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Etí mi ni. Etí mi ti lọ, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé etí lé e bí ẹni tó ń gbọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe yín léṣe."

Tọ́ọ̀ṣì dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn. Bàbá ti gbé ẹrù náà, kò sì sí ẹni tó máa wádìí ẹni tó yẹ kó gbé e. Ó tún mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí.

Bàbá kò yíjú. Kò gbọ́. Ọmọ náà yí lọ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Bàbá, mo gbọ́ ọ níjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé béárìn ni. Ó rẹ̀ mí, mo ní ìdánwò, mo fẹ́ ká máa lọ sílé. Mo kọ ẹ̀yìn sí yín kẹ́ ẹ má rí ẹnu mi, mo wá sọ fún Ìyá pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é." Ó yíjú sí Ìyá Agbẹ̀bí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ìyá Agbẹ̀bí yọ ọwọ́ òsì kúrò nínú omi, ó nu ún sára aṣọ.

"Èmi náà gbọ́ ọ," ló sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò bínú, ohun tó tún dun ọmọ náà jù nìyẹn. "Oṣù méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kò ṣe nǹkan kan. Mo wá ní bóyá etí tèmi ló ń tàn mí. Mo gba tiyín gbọ́ ju etí ara mi lọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni Tọ́ọ̀ṣì ti ń gun àtẹ̀gùn ilé náà lójoojúmọ́, kì í ṣe pẹ̀lú àpò irinṣẹ́, ṣùgbọ́n láti fọ aṣọ. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un. Béárìn irú ẹ̀rọ yẹn kò sí nítòsí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti máa fi ránṣẹ́, ẹni tó ń tà á sì ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ọ̀sẹ̀ márùn-ún fi pé. Ọmọ náà á ti ibi ìdánwò dé, á bọ́ bàtà, á jókòó ti bàsíà. Aṣọ ibùsùn tó bá ti mu omi wúwo bí àgbàlagbà tó sùn. Ọṣẹ jẹ àárín ìka rẹ̀. Tí ó bá kan àtifún omi rẹ̀, Ìyá Agbẹ̀bí á fi ọwọ́ òsì di igun kan mú, òun á fi ọwọ́ méjèèjì di ìkejì, wọ́n á lọ́ ọ títí omi á fi tán lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, bàbá orí ibùsùn á fi apá ẹnu kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kí i pé, "O ṣeun." Bó bá ti sọ ọ́, ojú á ti ọmọ náà, á sáré padà sídìí bàsíà.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fún aṣọ, Ìyá Agbẹ̀bí dédé sọ pé, "Èmi náà ti dákẹ́ rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi gbé etí lé ikùn obìnrin kan, ó ní kò séwu. Èmi ti gbé etí lé e ṣáájú, ohun tí mo gbọ́ kò jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí mo máa já ọ̀gá mi ní koro."

Tọ́ọ̀ṣì dúró kó parí ìtàn náà. Kò parí rẹ̀. Ó kàn tún igun aṣọ náà dì mú.

"Láti ìgbà náà," ló wí, "ohun tí etí mi bá ti gbọ́, ẹnu mi á sọ ọ́. Bí ẹni tó wà níwájú mi bá fẹ́ kó bínú. Lọ́ ọ dáadáa, omi ṣì wà nínú ẹ̀."

Nígbà tí béárìn dé, bàbá àti ọmọ jọ jókòó sílẹ̀ ilé-ìdáná láti kó ẹ̀rọ náà jọ. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Bàbá mọ béárìn tuntun náà wọlé, ó fi girísì sí i, ó dá dúrọ́ọ̀mù padà sáyè rẹ̀.

"Gbé ìka lé ẹ̀yìn ibí yìí," ló sọ, "èmi á máa fọwọ́ yí i. Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá. Ó kàn ń yọ̀ geere lábẹ́ ìka mi ni."

"Gbé ìka lé ti àtijọ́ wàyí."

Ó yí béárìn tó fọ́ náà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ń gún un, ó ń gbọ̀n bí ilẹ̀ olókùúta lábẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Ohun tí etí ń gbọ́, ìka náà ń gbọ́ ọ," ni bàbá wí. "Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń fìka gbọ́, kí ìwọ tó fura rárá. Bí mo bá tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí níjọ́ yẹn, tí mo gbé ìka lé e, ǹ bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ èmi náà. Mo wo ojú rẹ, o ò sọ nǹkan kan, mo ní ó ti dá nìyẹn."

Tọ́ọ̀ṣì gbé orí sókè. "Ẹ mọ̀ pé mo mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Gbogbo ẹ̀rọ tá a bá ti tàn, ìwọ á ní ó jọ ti ilé ẹnì kan." Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ síta, iṣẹ́ á tán. Etí-Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè mí. Bí etí bá lọ, kí ló kù?"

Ọmọ náà ronú sí i. "Ẹ̀rọ ló kù, Bàbá."

Bàbá kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé sípánà sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Agbẹ̀bí fi yọjú láti inú yàrá láti béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n mú bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ ọdún gbọọrọ ló jẹ etí náà, kò ní padà sí bó ṣe wà. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kì bọ etí òsì. Ó ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì tún ń súfèé sí i létí débi pé ó máa ń yọ ọ́ sínú àpò nígbà mìíràn. Ní báyìí, kó tó wọ ilé oníbàárà, ó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Etí mi ò mú mọ́ o. Ẹ fẹnu ṣe é bó ṣe ń dún kí n wo ẹnu yín." Àwọn àgbàlagbà á wá dúró níwájú fíríìjì, wọ́n á máa kùn bí ológbò. Àwọn kan gba oníṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó dúró kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n dúró tì.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Tọ́ọ̀ṣì yege nínú físíìsì, ṣùgbọ́n bíńtín ló fi yege. Ó kùnà nínú ìṣirò. Ó ní láti tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ó mú ìwé èsì náà wá bá ìyá rẹ̀, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nínú pálọ̀. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé. Ìyá kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé kò yé ẹ?"

Tọ́ọ̀ṣì ti ní ìdáhùn kan lẹ́nu, irú èyí tó máa ń múra sílẹ̀ kó má baà kó ìrònú bá ẹnikẹ́ni. Ó gbé e mì.

"Ó yé mi, Màmá. Ó rẹ̀ mí ni. Ó ti ń rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá."

Ìyá rẹ̀ gbé ìwé èsì náà sílẹ̀. Ó ti ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga gígùn náà, ó fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo.

"Èmi ni mo ní kó o dákẹ́," ló wí. "Mo rò pé mò ń dáàbò bo bàbá ẹ ni. Wá jókòó."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yíká tábìlì, wọ́n pín ọjọ́. Ọjọ́ méjì péré ni Tọ́ọ̀ṣì ń bá bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ìwé àti ti oorun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ pamọ́ fún ara wọn, pẹpẹ kò ní ṣeé dé, kèrègbè kò sì ní ṣeé wọ̀. Ohun tí ọmọ náà kọ́ nìyí, tó sì yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá wà nírú ipò rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìfẹ́. Bí o bá ń fi irọ́ bo ẹni tó o fẹ́ràn mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè ṣubú lé e lórí. Ohun tí o bá ti gbọ́ tó lè pa ènìyàn lára, sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ ọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì ọ́. Bí ẹrù ilé bá sì ti wúwo jù fún ọrùn rẹ, sọ ìyẹn náà, kí ọrùn rẹ tó ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.